Alátùpà àti Iná Tí Kò Fẹ́ Dúró Sójú Kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú, ẹ sún mọ́ra díẹ̀ kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí àyè. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kó wú u tán báyìí, nítorí mo ní ìtàn kan lápò tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé mọ́ mi lẹ́nu. Ìtàn iná ni. Kì í ṣe iná tó ń jó igbó, kì í sì í ṣe iná tí ojú ń rí. Iná tó kéré ju hóró iyọ̀ lọ ni, síbẹ̀ ó kó àgbàlagbà mẹ́rin lẹ́sẹ̀ jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo wọn di ọmọdé. Mo ṣèlérí pé ẹ ó rẹ́rìn-ín kí n tó dákẹ́. Bí ẹ ò bá rẹ́rìn-ín, ẹ gba àga tí mo jókòó lé yìí lábẹ́ mi, n ó lọ dúró.

Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá gbọọrọ kan tí wọ́n kùn ní funfun, tí fèrèsé mẹ́ta wà lára ògiri rẹ̀ kan, tó sì máa ń rùn gbùù bíi sípírítì tí wọ́n fi ń nu dígí. Alátùpà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun to iná tí yóò máa ru ọ̀rọ̀ gba inú okùn dígí kọjá, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Alátùpà dé o! Ṣé epo wà lọ́wọ́?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ gan-an a máa dáhùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iná náà fún yín bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi tí mi ò jókòó sí kíláàsì wọn rí. Lésà ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú hóró iyọ̀ kan, ẹ gé e sí mẹ́rin, ẹ gbé mẹ́ta jù nù: ìyókù yẹn ni lésà. Bí iná mànàmáná bá wọ inú rẹ̀, yóò tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ yẹn á kó sínú okùn dígí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, á gba ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kọjá, á sì yọ sí erékùṣù tó wà ní òdìkejì, ti òun ti ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí wọ́n dì sí i lórí. Ó dùn ún gbọ́ létí, àbí? Ẹ dúró ná.

Iná mẹ́jọ ló fẹ́ jọ máa gba inú okùn kan ṣoṣo yẹn. Kí wọ́n má baà máa gba ara wọn lórí, wọ́n fún ìkọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, bí ìgbà tí a bá pín títì fún ọkọ̀ mẹ́jọ kí wọ́n jọ máa sáré lọ. Bí ọ̀kan bá yà kúrò lójú àwọ̀ tirẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àárín ọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ni yóò já sí, wọn ò sì ní gbọ́ tẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọn ò ní gbọ́ tẹni tó ń dáhùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lésà kò mọ ìdúró. Ooru díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á yí. Òtútù díẹ̀, á tún yí. Ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn gígùn so ni: ibi tó bá wù ú ló ń jẹ dé.

Ọgbọ́n méjì ni Alátùpà dá sí i. Èkíní, ó gbé lésà náà lé orí àwo pẹlẹbẹ kan tó máa ń tutù nígbà tí ibi gbogbo bá gbóná, tó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ibi gbogbo bá tutù. Nọ́ọ̀bù kan, róbótó bí ìdérí ìgò, wà níwájú ẹ̀rọ náà tí wọ́n fi ń sọ fún àwo yìí bó ṣe máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Ẹ fi nọ́ọ̀bù yìí sọ́kàn, nítorí òun ló máa dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ọgbọ́n kejì dùn jùyẹn lọ. Ó fi okùn dígí kan sí ẹnu lésà náà, okùn tí wọ́n ti kọ àwọn ilà tín-ín-tín-ín sí nínú. Ilà yìí á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá lọ síbi tó ń lọ, àmọ́ á dá díẹ̀ padà sílé, àwọ̀ tí a ń fẹ́ nìkan ni yóò sì dá padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọrin nítòsí àpáta rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Gbohùngbohùn ni. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń padà wá rọra-rọra, kì í ṣi orin kọ. Bí lésà bá ti gbọ́ díẹ̀ nínú ohùn ara rẹ̀, á rọ̀ mọ́ ọn, kò ní yà mọ́.

Àwọn mẹ́ta ló jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Alátùpà níbẹ̀. Ọ̀gá ni àkọ́kọ́, àgbàlagbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn nítorí pé kò sí ohun tí yóò ṣe tí kò ní sọ pé "jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́." Èkejì ni Àǹtí Asokùn, obìnrin tó ń so okùn dígí pọ̀. Bí ó bá fẹ́ so ó, á mí kanlẹ̀, á dá èémí dúró, okùn á wọ inú ara wọn bíi pé wọn ò já rí, kó tó wá tú èémí jáde, á ní, "Ta ló tún kàn?" Ẹ̀kẹta ni Bàbá Géètì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, kó sì yẹ fèrèsé wò nírọ̀lẹ́. Kò mọ ohunkóhun nípa lésà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ọmọ ọmọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà, ẹ̀rọ kan wà tó di bírò mú bí akọ̀wé. Bébà ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dé àárọ̀. Bí iná bá dúró sójú kan, ilà gbọọrọ ni yóò máa fà. Bí iná bá fò kúrò lójú àwọ̀ rẹ̀, ilà náà á gé, á sì gun àtẹ̀gùn.

Àdéhùn tí àwọn tó ń tẹ́ okùn sísàlẹ̀ omi bá Alátùpà ṣe kò lọ́jú pọ̀: ọjọ́ méje gbáko láìfò. Wọ́n ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù, kò sì sí ẹ̀kẹrin. Iná mẹ́jọ mìíràn tí wọ́n rà láti òkèèrè ti wà nínú páálí ní ilé ẹrù, wọ́n kàn ń retí ni. Bí ti Alátùpà bá tún fò, tábìlì rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹrù nìyẹn, òun náà á sì padà sídìí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn gígun òpó wáyà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ òpó burú. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gùn ún, orúnkún rẹ̀ ló lè jẹ́rìí. Àmọ́ ọdún méjì ló fi tọ́ iná yìí, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá dì í sínú àpótí, kò sẹ́ni tí yóò ṣí àpótí náà mọ́ láyé.

Ó wá ohun tó ń ṣe iná náà títí. Ó ní oòrùn tó ń gba fèrèsé wọlé ni. Ó lẹ páálí mọ́ fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yàrá di ihò òkété. Iná fò. Ó ní fáànù ni. Wọ́n pa fáànù, gbogbo wọn wá ń làágùn bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì. Iná fò. Wọ́n fi fóòmù tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì nítorí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba ìta kọjá. Iná tún fò. Ó wá dójú sọ kẹ́tù tíì, wọ́n lé kẹ́tù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àǹtí Asokùn, tí kì í fi tíì ṣeré, ní, "Ó dáa o. Ẹ ti lé oòrùn, ẹ ti lé atẹ́gùn, ẹ ti lé omi gbígbóná. Èmi ló kàn, àbí?"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Bó bá ṣe ẹ̀yin ni, màá sọ fún yín."

Ohun tó ń ya Alátùpà lẹ́nu jù ni pé iná náà mọ agogo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń fò lójúmọ́: ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, ní kété tí agogo mẹ́wàá bá lù, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àti nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Kì í yẹ̀. Ọ̀gá wo bébà náà títí, ó ní, "Bóyá iṣẹ́ ìjọba ni iná yìí ń ṣe. Ó mọ àkókò ìwọlé, ó mọ ti ìsinmi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alátùpà délé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Télọ̀ ni ọkọ náà, ẹlẹ́nu dídùn ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe sinmi lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìyàwó mi, iná ńkọ́?"

"Ó tún fò."

"Ó fò lọ síbo? Ṣé kí n bá ọ wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lẹ́rìn-ín lẹ́nu."

"Yóò wá. Ẹ̀rín kì í jìnnà sílé télọ̀." Ó fa aṣọ tó ń rán jáde, ó gé òwú rẹ̀ pẹ̀lú eyín. "Ṣé o rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí? Wọ́n á máa ti aṣọ níwájú, wọ́n á tún máa fà á lẹ́yìn, abẹ́rẹ́ á kán, wọ́n á ní ẹ̀rọ ò dáa. Ẹ̀rọ ní eyín tó fi ń wọ́ aṣọ lọ. Ọwọ́ kàn ń bá a kẹ́gbẹ́ ni."

Alátùpà gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà á sétí. Kí ló kan lésà kan ṣòkòtò?

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìdánwò kẹta bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Alátùpà sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ń lọ sí etí omi láti lọ rí àwọn tó ń tẹ́ okùn, ó di ọ̀sán kí òun tó dé. Ó dúró de ọkọ̀ títí, ọkọ̀ ò dé. Ó bá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn padà wọlé, kò sí ẹni tó rí i. Bó ṣe ń kọjá lára tábìlì, ó rí i pé fóòmù tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti tẹ́ pẹlẹbẹ. Ó kúnlẹ̀, ó rá wọ abẹ́ tábìlì pé kí òun pààrọ̀ rẹ̀.

Kò tíì fọwọ́ kan fóòmù tó fi rí bàtà kan tó wọlé. Bàtà dúdú, tó ti wú níbi àtàǹpàkò. Bàbá Géètì ni. Bàtà náà rìn wá sídìí tábìlì, ó dúró. Ohùn kan sọ̀rọ̀ lókè, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

"Ọmọ mi, ìyá rẹ jáde. Má dárò. Bàbá wà nílé." Alátùpà sì gbọ́ nọ́ọ̀bù: kẹ́. Bírò tó wà lórí bébà ṣe ṣẹ́ẹ́. Bàtà dúdú yí padà, ó lọ.

Ẹnu ya Alátùpà. Kó tó pa ẹnu náà dé, sálúbàtà pupa ti wọlé. Àǹtí Asokùn. "Yéè! Ó ti fò! Ọmọ ọlọ́mọ ò tíì dé etí omi, iná rẹ̀ ti fò. Tó bá dé bá a báyìí, ṣé kò ní sunkún?" Nọ́ọ̀bù tún ké, ó lọ sí apá kejì: kẹ́, kẹ́. Ṣẹ́ẹ́. Sálúbàtà lọ.

Ẹ gbọ́, mi ò fi kún un. Àfi kíun-kíun, kíun-kíun, bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń dún bí eku. Ọ̀gá fúnra rẹ̀! Ó dúró, ó kẹ́dùn, ó ní, "Jẹ́jẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù..." Ó sọ òwe náà parí, pẹ̀lú ibi tí àmúkùrù náà bà lé; èmi ò ní sọ ọ́, nítorí àwọn ọmọdé tó wà níbí. Kẹ́. Ṣẹ́ẹ́.

Níbi tí Ọ̀gá ti ń gbọ́wọ́ kúrò lára nọ́ọ̀bù ni àwọn méjì yòókù padà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan gba iwájú, ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́.

"Ọ̀gá! Ẹ̀yin náà?" Bàbá Géètì ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo kàn ń wò ó ni, Bàbá."

"Ọwọ́ lẹ wá fi ń wò ó? Ojú ńkọ́?"

Ẹ̀rín tí Alátùpà ti ń gbé mì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbórí sókè, orí rẹ̀ sì kọ lu tábìlì: gbọ̀ọ̀! Àǹtí Asokùn fi igbe ta, ó di Ọ̀gá lápá mú. "Tábìlì ń sọ̀rọ̀ o!"

"Tábìlì kọ́, èmi ni." Alátùpà rá jáde, eruku kún un lórí. "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá mi. Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́."

Bàbá Géètì tó dàgbà jù wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Bàbá, orí ọmọ yìí ò wọ́! Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ń yí i lọ́rùn."

Wọ́n jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí Asokùn ní bí òun bá ti lọ gbé tíì ní agogo mẹ́wàá ni òun máa ń yà wò ó, torí pé ó rí bíi pé ilà ń tẹ̀. Ọ̀gá ní lẹ́yìn oúnjẹ ni tòun. "Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Mo ní bí mo bá sọ fún ọ pé ó ń yà, ọkàn rẹ á dàrú. Kí n kúkú bá ọ tún un ṣe ní kọ̀rọ̀." Bàbá Géètì ní ìrọ̀lẹ́ ni tòun. Ó rí Ọ̀gá tó yí i lọ́jọ́ kan, ó rò pé báyìí ni wọ́n ṣe ń fún un lóúnjẹ.

Ọ̀gá gbá orí mú, ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Bí ẹnì kan bá yí nọ́ọ̀bù, àwo á gbóná sí i, lésà á sì yà kúrò níbi tí gbohùngbohùn rẹ̀ ti ń pè é, á fò. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e á rí i pé ó fò, á yí i padà. Á tún fò. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

"Ó dáa," Bàbá Géètì ní, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Àwa mẹ́ta jẹ̀bi, mo gbà. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni iná ń fò lójúmọ́. Ta ni ẹ̀kẹrin?"

Ó kọjú sí Alátùpà.

"Agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ńkọ́, ọmọ mi? Kí o tó sọ báàgì kalẹ̀, kí o tó kí èmi tí mo ṣílẹ̀kùn fún ọ pàápàá, ibo ni ọwọ́ rẹ ń kọ́kọ́ lọ?"

Alátùpà wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Òótọ́ ni. Láàárọ̀ láàárọ̀, á fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù yẹn, á mú un lọ síwájú bín-ín-tín, á mú un padà bín-ín-tín, bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan ọmọ níwájú orí láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ọdún méjì ló fi ń ṣe é. Kò kà á kún yíyí rí. Ìkíni ló pè é.

"Ọlọ́run mi," ó ní. "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Mo sì lé kẹ́tù síta!"

"Tíì mi!" Àǹtí Asokùn pariwo. "Ẹ bá mi gbé kẹ́tù mi wọlé lónìí yìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, Alátùpà di nọ́ọ̀bù náà mú, ó fi í síbi tó yẹ kó wà, ó sì fà á yọ pátápátá. Ọ̀pá irin kékeré kan ló kù níbẹ̀. Àríyànjiyàn wá dé: ta ni kó bá wọn tọ́jú nọ́ọ̀bù? Ọ̀gá ò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀. Àǹtí kọ́. Bàbá Géètì búra pé òun kò ní fọwọ́ kàn án, gbogbo wọn ní kó gbé ìbúra rẹ̀ mì. Ni Alátùpà bá gbé e lọ sílé fún télọ̀. Télọ̀ gbọ́ ìtàn náà, ó rẹ́rìn-ín dójú omijé, ó sì rán àpò kan sí inú ṣòkòtò ara rẹ̀, ó fi nọ́ọ̀bù sí i, ó rán ẹnu àpò náà pa. "Ẹni tó bá fẹ́ gbà á," ó ní, "kó kọ́kọ́ bá mi jà."

Ìdánwò kẹta bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ pọ̀ láyé, mo ti ṣe oko, mo ti fọ́ òkúta. Wọ́n ní kò sí èyí tó le tó iṣẹ́ àìfọwọ́kàn. Ọ̀gá kó àwọn ìdè irin kéékèèké tí wọ́n fi ń di ẹ̀rọ jọ, ó tò wọ́n láti kékeré dé ńlá. Bó ti tò wọ́n tán, á da gbogbo rẹ̀ rú, á bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Àǹtí Asokùn mu tíì títí tó fi ń sáré lọ sí ilé ìtọ̀ ní wákàtí wákàtí. Bàbá Géètì kun géètì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Alátùpà ní tirẹ̀ ń wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lápò, ó ń fi ẹnu nìkan kí iná náà. Ilà ń lọ gbọọrọ: ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ kàrún-ún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, òjò kan ṣú, ó rọ̀ bí ẹni da omi nù. Ooru tó ti há mọ́ yàrá láti ọ̀sẹ̀ méjì sá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, òtútù wọlé. Ọ̀gá ti lọ sí ọ́fíìsì, Àǹtí wà níbi tó máa ń sáré lọ. Alátùpà nìkan ló wà níwájú bébà. Ó sì rí i: ilà ń tẹ̀. Kò tíì fò, àmọ́ ó ń tẹ̀ sí apá kan, díẹ̀díẹ̀, ìbú ẹnu bírò kan, ìbú méjì.

Kò mọ ìgbà tó mú púláyà. Ó kàn rí i ní ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rí ẹnu púláyà náà tó ti há ọ̀pá irin kékeré yẹn mọ́. Bó bá yí i tó sì fò, ó parí. Bí kò bá yí i tó sì fò, ó parí náà. Ó rí tábìlì rẹ̀ lójú inú, tí wọ́n ń gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sí ilé ẹrù. Ó rí òpó. Ọ̀rọ̀ télọ̀ sì sọ sí i lọ́kàn lójijì: ẹ̀rọ ní eyín tó fi ń wọ́ aṣọ lọ.

"Ìwọ lo mọ ohùn ara rẹ," ó sọ fún iná náà. Ó ju púláyà sílẹ̀, ó sì sáré jáde sínú òjò.

Bàbá Géètì wà lábẹ́ ìbòrí rẹ̀ lẹ́nu géètì. "Kí ló dé tí òjò ń pa ọ́ bí àgùntàn?"

"Mò ń sá fún ọwọ́ mi, Bàbá."

"Wá dúró tì mí. Èmi náà ti ń sá fún tèmi látàárọ̀."

Wọ́n dúró. Nígbà tí òjò dá díẹ̀, wọ́n jọ rìn wọlé lẹ́sẹ̀ kan náà, bí ẹni ń lọ wo aláìsàn. Ilà náà ti padà. Ó tẹ̀, kò gé. Àwo ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó, gbohùngbohùn ti fà á mọ́ra, ó sì ń lọ gbọọrọ bí ọ̀nà oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Alátùpà jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó ń ṣe.

Nígbà tí ọjọ́ keje pé, Aláyẹ̀wò tí àwọn tó ń tẹ́ okùn rán wá dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ní awò ojú, ojú rẹ̀ sì le bí ẹ̀yìn ahun. Ó ní kí wọ́n tẹ́ bébà ọjọ́ méjèèje sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ láti ògiri dé ẹnu ọ̀nà, ó tún jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aláyẹ̀wò kúnlẹ̀, ó ń rá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò sí ẹni tó ń mí. Nígbà tó dé ọjọ́ kẹfà, ó dúró.

"Ó tẹ̀ níbí. Kí lẹ ṣe?"

"A ò ṣe nǹkan kan, mà," Alátùpà ní.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan rárá?"

"Òun gan-an la ṣe. Ó le gan-an, mà."

Aláyẹ̀wò gbójú sókè, ó wo iwájú ẹ̀rọ. "Nọ́ọ̀bù ibí yìí ńkọ́?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀gá ní, "Jẹ́jẹ́..." kò sì rí ọ̀rọ̀ tó kù. Alátùpà ló fara gba ìtìjú náà: "Ó wà nínú ṣòkòtò ọkọ mi, mà."

Ẹ̀yin mi, ojú tó le bí ẹ̀yìn ahun yẹn kọ́kọ́ wárìrì létí ẹnu, lẹ́yìn náà ó bú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí awò ojú fi bọ́ sórí bébà, tí Àǹtí Asokùn fi ní láti bù tíì fún un. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, ó nu ojú, ó mú bírò, ó fọwọ́ sí ìwé. "Iná yìí ló ń wọ inú okùn. Ẹ dá àwọn tó wà nínú páálí padà síbi tí wọ́n ti wá. Ẹ ṣe méje sí i."

Igbe ayọ̀ sọ. Àǹtí fò mọ́ Alátùpà. Bàbá Géètì fò jáde lọ sọ fún géètì. Ọ̀gá, Bàbá Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀, fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta tí bàtà rẹ̀ ń ké kíun-kíun-kíun. Nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ náà, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló fò, àfi iná.

Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí mẹ́jọ pé, wọ́n so okùn, wọ́n sì ní kí wọ́n pe erékùṣù. Bàbá Géètì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó di fóònù mú, ó pariwo bí ẹni tó ń pe ará oko: "Ẹ̀YIN ARÁ ÒDÌKEJÌ! ṢÉ Ẹ Ń GBỌ́ MI?"

Ohùn obìnrin kan dá a lóhùn ketekete, bíi pé ó jókòó sórí tábìlì wọn: "Bàbá, ẹ rọra o. Mò ń gbọ́ yín débi pé mò ń gbọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín."

Alátùpà ló ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lápò.

Ibi tí ìtàn bá mi dé nìyí. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ni ẹ̀gbọ́n télọ̀ náà lóbìnrin, tó ń ta òwú àti bọ́tìnì, lọ́jọ́ tí a jọ wọkọ̀ ojú omi. Òun náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò rẹ̀. Bí ẹ bá rí irọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, télọ̀ ló rán an mọ́ ọn. Èmi ò fi abẹ́rẹ́ kàn án.